Omi Ìwẹ̀ Màmá

Bí ọ̀bẹ ṣe mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wá gbọ́ ti Àǹtí Páìpù. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí iṣẹ́ omi ló ń ṣe, kò sì sí páìpù tó ya olóríkunkun tí kì í gbọ́ sí i lẹ́nu. Bí omi bá kọ̀ tí kò gòkè, òun ni wọ́n ń pè. Bí ojú ṣíńkì bá dí tí onílé ń ké, òun náà ni. Ẹ wá wo nǹkan! Ṣáwà ilé obìnrin yìí gan-an ló wá ń kán tó, tó, tó, bí imú ọmọ tí òtútù mú. Ta ló sì wà lábẹ́ ṣáwà ọ̀hún, tí ọṣẹ ń ta lójú? Ìyá ọkọ rẹ̀ ni.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí Màmá kó wá sọ́dọ̀ wọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé tí wọ́n jọ gbé ti wá dá páropáro, àwọn ọmọ sì ní kò ní máa dá gbé. Màmá kì í ṣe irú ìyá ọkọ tó ń wá ẹ̀sùn sí èèyàn lẹ́sẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, á jẹ́ kí òun rántí mu omi. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé kan ó jáde ní balùwẹ̀, aṣọ ìnura lórí, ọṣẹ ṣì ń ho létí rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ní:

“Ìyàwó mi, ẹ kú ìtọ́jú mi o. Kò sóhun tẹ́ ẹ fi dù mí nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń fi omi kíkán ṣan ọṣẹ. Bí àbúrò ọkọ rẹ bá gbé mọ́tò wá ní Sátidé tó ń bọ̀, n ó bá a lọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àǹtí Páìpù ní akínyẹmí ara. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ má bàa rò pé torí ṣáwà lásán ni. Ìyá tó bí i lọ́mọ ti kú nígbà tó ṣì kéré. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní “ọmọ mi” mọ́. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Àǹtí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá, ọkọ rẹ̀ ń pè é ní Olólùfẹ́ bí ebi bá ti ń pa á. Nígbà tó gbọ́ pé Màmá ń bọ̀, ó nu gbogbo gíláàsì ilé, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fúnra rẹ̀ lójú pópó bí ẹni tí wọ́n ṣèlérí nǹkan fún. Òun náà máa ní ìyá nílé.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Màmá dé, kí ni Màmá ṣe? Ó di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo èékánná tí girisí ti wọ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ tó ti le, kò sì sọ nǹkan kan. Ó kàn fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ó wọlé. Àǹtí Páìpù ò gbàgbé ìwò yẹn. Ó ní iṣẹ́ òun ni Màmá ò fẹ́, irú iṣẹ́ tí wọ́n ní ọkùnrin ló yẹ.

“Omi kọ́ ló ń lé Màmá lọ,” ó sọ fún ọkọ rẹ̀. “Èmi ni.”

Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, kò gbé ojú kúrò lára aṣọ. “Ṣé ìwọ lò ń kán tó-tó-tó ni?”

“Ẹ má bá mi ṣeré. Ẹ̀yin náà ń wẹ̀ níbẹ̀, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi pé omi ò ṣàn mọ́?”

“Ó tó mi.”

Ẹ má dá a lóhùn. Télọ̀ yìí kì í wẹ̀, ó kàn máa ń kí omi ni. Bí ìrì bá ti sẹ̀ sí i lórí, ó ti wẹ̀ nìyẹn.

Àǹtí Páìpù alára ńkọ́? Láti ọjọ́ tí Màmá ti dé, kò wọ balùwẹ̀ yẹn wẹ̀ rí. Òun ló máa ń kẹ́yìn dé nínú ilé, nígbà tí iná ti tàn ní gbogbo ilé àdúgbò, tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti ìpẹtà páìpù lára. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń wẹ̀, lẹ́yìn páànù tí wọ́n fi ṣe ọgbà, omi garawa kan. Ìyẹn ni kò fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ wọ ilé ara rẹ̀ bí ẹni tí oníbàárà ránṣẹ́ pè. Ó kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ kíṣìnì. Omi tú wàà, ó fẹ́ẹ̀ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jáde lọ bá alágbàfọ̀ tó yá ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn, tí wọ́n jọ ń lo táńkì kan náà. Omi ń ya níbẹ̀, aṣọ ń mọ́, alágbàfọ̀ ń fi ẹnu ṣe orin. Ó dáa. Bí omi bá dá ní gbogbo ilé, táńkì la máa bi léèrè. Bó bá jẹ́ ojú kan ló ti dá, ojú kan náà la máa dá lẹ́jọ́.

Ó tú orí ṣáwà. Gbogbo ihò rẹ̀ ti dí fún nǹkan funfun tí omi máa ń fi sílẹ̀, ó le bí iyọ̀ tó di òkúta. Ó rẹ ẹ́ sínú fínígà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha á, ó sì yọ́ lọ mú abẹ́rẹ́ kan nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti fi gún àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Abẹ́rẹ́ mi dà?” télọ̀ ké.

“Ó lọ fún Màmá!”

Télọ̀ wá abẹ́rẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dá orí ṣáwà padà, omi náà kàn sún díẹ̀ ni, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò fẹ́ dìde. Ó tún tú u kúrò, ó ṣí omi láìsí orí ṣáwà rárá. Bákan náà ni. Ó wá yé e pé àìsàn náà ò sí níwájú, ẹ̀yìn ló wà.

Fáàfù kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, olórí pupa, òun ló ń ṣọ́ omi tó ń wọ inú balùwẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fi í síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, ṣíṣí ló sì fi í sílẹ̀. Kò tiẹ̀ ronú kàn án, torí ta ló máa ń fọwọ́ kàn án? Ó dì í mú, ó yí i. Fáàfù ké kíìín, bí eku tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ó tún yí i, ó tún ké. Àṣé ó kù díẹ̀ kó tì pa! Bó ti ṣí i tán, omi bọ́ lu ilẹ̀ gbà-gbà-gbà.

“Màmá! Màmá, ẹ bọ̀ o!”

Màmá wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ omi, wọ́n sì gbọ́ ẹ̀rín. Obìnrin àgbàlagbà ń dá rẹ́rìn-ín lábẹ́ omi bí ọmọdé tí òjò pa. Àǹtí Páìpù jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, sípánà lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, Màmá ń kọrin jẹ́jẹ́ nínú yàrá. Ó ní ó tán, ìyá ò lọ mọ́.

Àárọ̀ Sọ́ńdè mọ́. Tó, tó, tó.

Ó sáré lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Fáàfù ti fẹ́ẹ̀ tì pa padà. Ó dojú kọ télọ̀, télọ̀ fi ìyá rẹ̀ búra pé òun ò mọ ibi tí wọ́n ń dì mú lára fáàfù. Ó ṣí i fún Màmá, Màmá wẹ̀. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó tún ti padà sí ìwà rẹ̀. Ṣé ó wá sí i lọ́kàn láti bi Màmá? Rárá o! Ta ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti omi mọ́ ara rẹ̀ lórí, tá á tún jáde wá máa fi ọṣẹ sunkún? Ó gbà pé irin inú fáàfù ló ti jẹ, pé bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá ti ń gbọ̀n jìgìjìgì, fáàfù náà á máa yí ara rẹ̀ padà. Ó ti rí irú rẹ̀ rí níbi iṣẹ́. Ó tú u kúrò, ó jù ú sísàlẹ̀ báàgì, ó ra tuntun tí orí rẹ̀ pupa bíi tàtijọ́, ó fi téèpù funfun wé ẹnu páìpù, ó dè é pinpin. Tuntun náà yí wẹ́rẹ́, kò ké rárá. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá jáde ní balùwẹ̀ gbígbẹ fúrúfúrú, ọṣẹ gbígbẹ lọ́wọ́.

“Ìyàwó mi,” ó ní, “kò tiẹ̀ kán mọ́.”

Kò bínú. Bó bá bínú ni, ìbá sàn. Ó kàn wọ yàrá lọ, ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Àǹtí Páìpù lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ó fọwọ́ kan fáàfù tuntun náà, ó bá a ní títì pa gbọn-in. Ó ṣí i, ó gbé báàgì, ó jáde lọ síbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ò ṣeé rò fún ẹni ẹlẹ́ni. Nílé oníbàárà kan, ó fi omi gbígbóná sójú omi tútù. Bàbá onílé fọwọ́, ó fò sókè, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ bó mi ni?” Ó tọrọ àforíjì, ó tún un ṣe, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Màmá ti dé, ó forí lé ilé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó bọ́ bàtà tó ti kún fún ẹrẹ̀. Bó ti yọjú sí ọ̀nà inú ilé báyìí, ẹni tó rí ni Màmá. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí fáàfù olórí pupa, ó ń yí i, ó ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, “Ó tó. Ó tó báyìí.”

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ mà ló wà!

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Gbogbo fínígà yẹn, gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn, fáàfù tuntun yẹn! Lẹ́yìn ìbínú, ohun mìíràn dé tó burú ju ìbínú lọ. Ó ní àṣé ìyá yìí fẹ́ẹ́ lọ débi pé ó ń ti omi mọ́ ara rẹ̀ láti rí àwáwí.

“Màmá,” ó ní. “Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ sọ fún mi. Bó bá jẹ́ èmi lẹ ò fẹ́, ẹ sọ fún mi. Ẹ má fi omi bò ó.”

Màmá fò dìde, ó di ògiri mú. “Háà, ìyàwó mi! O tètè dé lónìí. Mi ò tíì ti omi rẹ dè ọ́ tán.”

“Omi tèmi?”

“Omi ìwẹ̀ rẹ ńkọ́! Kí alágbàfọ̀ yẹn má bàa fọ gbogbo táńkì tán kó o tó dé.”

Màmá wò ó, ó rí i pé nǹkan ò yé ọmọ yìí, ó jókòó sórí àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní:

“Nílé wa àtijọ́, irú fáàfù báyìí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun ló ń gbé omi lọ fún àwọn ayálégbé ìsàlẹ̀. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n lè lo omi! Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni bàbá ọkọ rẹ ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ń bọ̀, eyín rẹ̀ nìkan lo máa rí, eruku ti bo gbogbo ìyókù. Òun ló máa ń kẹ́yìn dé. Bí mi ò bá ti fáàfù nírọ̀lẹ́, kò ní bá omi. Bó bá wẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ á ṣí i padà, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ lè rí omi láàárọ̀. Fáàfù yẹn máa ń ké. Mo lè ti sùn lọ o, bí mo bá ti gbọ́ igbe yẹn, màá mọ̀ pé ọkọ mi ti dé, ó ti wẹ̀, ara ti tù ú. Màá ní, ‘Káàbọ̀,’ màá yíjú sí ògiri, oorun á wá dùn.”

Ó fọwọ́ kan fáàfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Nígbà tó kú, ọwọ́ mi ò gbọ́. Mo ṣì ń ti fáàfù yẹn nírọ̀lẹ́. Èmi náà ni mò ń dìde ṣí i láàárọ̀.”

“Màmá…”

“Jẹ́ n sọ ọ́ tán. Lọ́jọ́ tí mo dé síbí, mo di ọwọ́ rẹ mú. Irú ọwọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Èékánná yẹn, àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Mo sá wọlé kí n má bàa sunkún lójú rẹ. Mo wá wò ó pé ta ló ń kẹ́yìn dé nínú ilé yìí? Ṣé ọmọ mi ni, tí kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ? Ìwọ ni. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, mo tún ti rí ẹni tí n ó máa ti omi dè. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, tí o ń da omi garawa sára bí àlejò. O ò ṣí fáàfù yẹn rí, èmi ni mò ń ṣí i fún alágbàfọ̀ lẹ́yìn tí mo bá wẹ̀ tán. Mo ní, ó dáa, ìyàwó mi ò fẹ́ kí a jọ lo balùwẹ̀. Láti Sátidé ni mo tó ń bá a ní ṣíṣí, inú mi sì dùn, mo ní ó ti gbà mí. Àmọ́ bí inú mi ti ń dùn ni omi tèmi ń burú sí i. Mo ní bóyá ilé náà ló ń lé mi.”

Omi ti bọ́ lójú Àǹtí Páìpù, kò sì nù ún. “Màmá, torí yín ni mo ṣe ń wẹ̀ níta. Mi ò fẹ́ kí ẹrẹ̀ mi dé ibi tẹ́ ẹ máa tẹ̀.” Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà, ó nawọ́ sí fáàfù. “Èyí kọ́ ni ti alágbàfọ̀. Ti balùwẹ̀ ni. Ti ṣáwà yín ni.”

Màmá wo fáàfù. Ó wo orí ṣáwà lókè. Ó tún wo fáàfù.

“Ṣé èmi ni mò ń ti omi mọ́ ara mi láti ọjọ́ yìí wá?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Tí mo tún ń bú ilé onílé?”

“Ẹ ò bú wa jù.”

Ẹ̀rín ló gbé Màmá lulẹ̀ lórí àpótí yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó sunkún títí ó fi tún di ẹ̀rín, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì dì mọ́ ọn tòun ti ẹrẹ̀ tòun ti girisí. Télọ̀ sáré dé, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ṣubú?”

“Padà sídìí aṣọ rẹ,” Màmá ní. “Ìwọ tó ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá omi ń ṣàn tàbí kò ṣàn.”

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Páìpù ò lọ síbi iṣẹ́. Ó bá alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ní kò sí wàhálà, òun kì í fọṣọ lálẹ́. Ó fa páìpù omi ṣọ́ọ̀bù gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó sì fẹ́ fáàfù kan tó máa wà lórí rẹ̀, níbi tí ọwọ́ Màmá á tó láìbẹ̀rẹ̀. Ó ti mú tuntun kan dání, kó tó rí èyí àtijọ́ nísàlẹ̀ báàgì. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan. Kíìín. Ó dá tuntun padà sínú páálí rẹ̀, àtijọ́ ló sì fi síbẹ̀. Ti balùwẹ̀, ó yọ orí pupa rẹ̀ kúrò, ó fi í sápò, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í mọ́.

Sátidé dé, àbúrò ọkọ rẹ̀ gbé mọ́tò dé, ó ṣí bọ́ọ̀tù sílẹ̀ fún àpótí. Màmá jáde sí i pẹ̀lú irun tútù.

“Ti bọ́ọ̀tù rẹ,” ó ní. “Mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí nírọ̀lẹ́. Bí mo bá bá ọ lọ, ta ló máa ti omi?”

Àbúrò ọkọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé èjìká. Ó bá wọn jẹun, ó sì dá nìkan lọ.

Ní Mọ́ńdè, iṣẹ́ pẹ́. Iná ti tàn ní gbogbo ilé kí Àǹtí Páìpù tó dé. Ó ṣan ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó wọ balùwẹ̀, ó dúró sábẹ́ ṣáwà. Omi náà lù ú léjìká, ó gbóná, ó pọ̀, táńkì ṣì kún dáadáa. Ó wẹ̀ títí gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn fi ṣàn lọ. Nígbà tó nura tán, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ṣí fáàfù àtijọ́.

Kíìín.

Láti inú yàrá, ohùn tí oorun ti fẹ́ẹ̀ gbé lọ dáhùn. “Káàbọ̀, ọmọ mi.”

Àǹtí Páìpù dúró síbẹ̀. Ó ti nu ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó tún ní láti nù ún. Lẹ́yìn náà ó rọra ti fáàfù padà, ó sì tún ṣí i.

Kíìín.

“Mo ti gbọ́!” Màmá ní. “Káàbọ̀, ọmọ mi. Lọ jẹun, má ba fáàfù mi jẹ́.”